Jíà kékeré tí wọ́n ní ó ti kú: àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Patrol mi

Ẹnu ọjà Pobẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ (Bénin), ni ọkọ̀ ti kọ́kọ́ fò mọ́ mi lábẹ́. Mo ń yà sọ́wọ́ ọ̀tún, sítẹ́rìn le bí ẹni ń yí ọlọ, taya iwájú ń ké lórí gúdúrọ̀ọ̀ (títì ọlọ́dà), gbogbo ara ọkọ̀ sì ń ta gìdì, gìdì. Ìyá kan tó ń dín àkàrà lẹ́bàá títì wò mí, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Mo dúró. Mo fẹ́ yọ ọ̀pá jíà kékeré, èyí tó ń pín agbára ẹ́ńjìnì fún taya iwájú àti ti ẹ̀yìn, kúrò ní 4x4 níbi tí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń ṣiṣẹ́, kí taya ẹ̀yìn nìkan máa ṣiṣẹ́. Ó kọ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì fà á, ó kọ̀ jálẹ̀.

Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé èèyàn bíi mẹ́ta láàárín àwa tí a ní irú ọkọ̀ yìí ti bi mí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kálukú sì ti gbọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan bó ṣe rí, títí kan ibi tí èmi fúnra mi ti gọ̀.

Nissan Patrol Y60 ni ọkọ̀ náà, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1987, ẹ́ńjìnì gàsúwáàlì (dísù). Àlòkù ni, Kútọnú ni mo ti rà á. Àwa bí ogún la jọ ní 4x4, láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) dé Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a máa ń pàdé ní Ṣábẹ̀ẹ́, a ó gba abẹ́ àwọn òkè olókùúta yẹn lọ sí ìhà odò Ọ̀pàrà, a ó rì sínú yanrìn, a ó fa ara wa jáde, a ó sun ẹran. Bí òjò bá ti dé, orí Watsáàpù la kù sí, ohùn la fi ń ránṣẹ́ síra wa. Olùkọ́ ni mí ní Kétu. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọkọ̀ kò kún agolo tòmátì.

Ẹ̀gbọ́n wa kan wà ní Àjàṣẹ́ tí gbogbo wa ń tẹ́tí sí. Kì í ṣe ẹlẹ́tàn, mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn. Lọ́dún tó kọjá, Patrol mi kì í fẹ́ gbéra láàárọ̀, àfi kí n fi bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá dà á láàmú. Mẹkánísíẹ̀n méjì ní Kétu ti ní kí n tún pọ́ǹpù gàsúwáàlì ṣe, owó ńlá. Ẹ̀gbọ́n fetí sí ohùn ẹ́ńjìnì náà lórí fóònù, ó ní, “Afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú ẹ̀. Gàsúwáàlì ń sàn padà sínú táńkì lóru. Wá rọ́bà tó ti sán.” A wá a, a rí i lẹ́yìn fíltà, rọ́bà tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ó ti sán wẹ́rẹ́. 1,500 fáránkì ni mo ná. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹ̀gbọ́n bá ní kí n fi omi àgbọn wẹ ẹ́ńjìnì, màá ti ya àgbọn kí n tó béèrè ìdí.

Òun náà ló sọ fún wa nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ pé, “Bí ilẹ̀ bá ti tutù, ẹ fi sí 4x4, ẹ má yọ ọ́ títí ẹ ó fi délé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wa ọkọ̀ lórí gúdúrọ̀ọ̀ bẹ́ẹ̀, nǹkan kan ò ṣe é.” Ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo gbà.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kẹfà, mo kúrò ní Kétu lọ sí Pobẹ̀ nínú òjò. Mo bọ́ sílẹ̀, mo yí bọ́tìnnì ìdí taya iwájú méjèèjì kúrò ní FREE sí LOCK, mo wọlé, mo fi jíà kékeré sí 4x4, mo gbéra. Kí n tó dé ìdajì ọ̀nà, òjò ti dá, oòrùn yọ, gúdúrọ̀ọ̀ ń rú èéfín bí ìkòkò ẹ̀kọ. Sítẹ́rìn bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Mo rò pé ọ̀nà ni. Mi ò yọ ọ́, nítorí “ẹ má yọ ọ́ títí ẹ ó fi délé.” Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ẹnu ọjà.

Mo ká ohùn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa níbẹ̀: ariwo tó ń pa, ọ̀pá tó kọ̀ tí kò yọ. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ̀gbọ́n fi dáhùn. “Jíà kékeré ti kú. Mo mọ ariwo yẹn. Má wà á mọ́. Ọ̀kan wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi níbí, 450,000, màá fi ọkọ̀ gbé e wá fún ọ.” Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò sí i. Mo kà á dé mọ́kànlá. Ọmọkùnrin kan tí fídíò àwọn ará Ọsirélíà kì í tán lójú ẹ̀ ní kí n gbé ara ọkọ̀ ga sí i, kí n pààrọ̀ sípíríǹgì. Mi ò tíì mọ ohun tí sípíríǹgì ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà títí di òní.

Mo wá béèrè ọ̀rọ̀ kan. Owó àjọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ló wà lọ́kàn mi, kì í ṣe pé mo gbọ́n. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Kí la lè yẹ̀ wò kí a tó tú u, tí yóò fi hàn pé òun gan-an ni?”

Ó dáhùn: “Ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni? Nígbà tí mo ti wà nídìí ọkọ̀, ṣebí ẹ̀kọ ni wọ́n ṣì ń dà sí ọ lẹ́nu.”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo tọrọ àforíjì. Mo pe ìyàwó mi pé kí ó má tíì fọwọ́ kan owó àjọ.

Bí mo ṣe jókòó sínú ọkọ̀ tí mò ń ronú ẹni tí yóò fà mí dé Kétu, fóònù dún. Bàbá kan ni ní Ṣábẹ̀ẹ́, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ tí ń kó òwú, lẹ́yìn náà ló wa Patrol fún àwọn tí ń rìn láti abúlé dé abúlé. Ó wà nínú ẹgbẹ́ wa, ṣùgbọ́n kì í sọ̀rọ̀. Mo ti rò pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń ká ohùn ránṣẹ́ ni.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ jíà rárá. “Olùkọ́, ibo lo wà? Gúdúrọ̀ọ̀ ni àbí ilẹ̀? Ó ti gbẹ? Ìgbà wo lo ti fi sí 4x4?” Mo ń dáhùn. Ó wá ní, “Tan án. Fi sí jíà ẹ̀yìn. Padà sẹ́yìn jẹ́jẹ́ bí ìrìn àgbàlagbà, má yà, kí o sì máa fa ọ̀pá kékeré yẹn díẹ̀díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ o. Bí kò bá yọ láàárín bíi mítà mẹ́wàá, dúró, kí o pè mí.”

Mo padà sẹ́yìn. Kò tíì tó mítà mẹ́rin tí ọ̀pá fi bọ́ sí mi lọ́wọ́, gbọ̀ọ́, bí ìdérí ìgò. Sítẹ́rìn fúyẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹnu ko fóònù lẹ́nu.

Mo sọ fún ẹgbẹ́ pé ó ti yọ. Ẹ̀gbọ́n ní, “Yóò tún mú. Òkú ni.” Ní tòótọ́, bí mo bá tún fi í sí 4x4 lórí gúdúrọ̀ọ̀, ì bá tún mú, ohun tó sọ tẹ́lẹ̀ yẹn tọ̀nà, ìdí tó fi lé e lórí ni kò tọ̀nà. Èyí wà lára ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, bí irú èmi.

Ẹ wo bí ó ṣe rí. Bí ọkọ̀ bá ń yà, taya iwájú a máa gba ọ̀nà tó gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Ẹ lọ wo ojú ẹsẹ̀ taya lórí ilẹ̀ pupa Kétu lẹ́yìn òjò níbi tí ọkọ̀ ti yà: ìlà mẹ́rin lẹ ó rí, kì í ṣe méjì. Nínú Patrol, bí a bá ti fi sí 4x4, jíà kékeré á so ọ̀pá kádáàn (ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ bá taya) tó lọ síwájú àti èyí tó lọ sẹ́yìn pọ̀ ṣinṣin, iye ìgbà kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ yí. Ọ̀kan fẹ́ yí jù, èkejì ò gbà. Lórí yanrìn tàbí ẹrẹ̀, taya á yọ̀ díẹ̀, ìjà á tán. Gúdúrọ̀ọ̀ gbígbẹ kì í jẹ́ kí taya yọ̀, ìjà náà á wá máa lọ́ irin bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ, títí eyín jíà yóò fi há mọ́ra wọn tí ọ̀pá ò ní yọ mọ́. Bí èèyàn bá padà sẹ́yìn, ńṣe ni aṣọ yẹn ń tú. Kò sí idán níbẹ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án tí ẹ̀gbọ́n sọ ńkọ́? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Land Rover Defender ni ó fi ọdún mẹ́sàn-án náà wà. Láti 1983 tí wọ́n ti gbé One Ten jáde, tí wọ́n wá sọ ní Defender lẹ́yìn náà, taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣiṣẹ́ nígbà gbogbo lára ọkọ̀ yẹn, dífíránṣíà kan sì wà láàárín tó ń jẹ́ kí iwájú yí bó ṣe wù ú, kí ẹ̀yìn náà yí bó ṣe wù ú, àfi bí awakọ̀ bá tì í pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni Lada Niva láti 1977. Patrol mi ò ní dífíránṣíà àárín yẹn. Ẹ̀gbọ́n ò purọ́ fún mi. Òótọ́ ọkọ̀ mìíràn ló sọ fún mi, kò sì mọ̀ pé ọkọ̀ mìíràn ni, nítorí pé ọdún mẹ́sàn-án kọjá láìsí ìṣòro, kò sí ohun tó lè mú un béèrè ìdí tí kò fi sí ìṣòro.

Kò parí síbẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà bàbá tún pè, ó ní kí n tún ìrìn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi tí sítẹ́rìn ti ń wúwo kí n tó dé ọjà, ó dá mi dúró.

“Ọ̀nà ibẹ̀ tọ́ àbí ó wọ́?”

“Ó tọ́, bàbá.”

Ó dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó wá ní, “Ìyẹn ò dáa. Kí ó le nígbà tí o bá ń yà, ó yé mi. Ọ̀nà tó tọ́ ò yẹ kó ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó dà bíi pé taya ẹ̀yìn rẹ rọ̀. Ṣé o jó afẹ́fẹ́ rẹ̀ nígbà tí a wà nínú yanrìn, tí o ò sì fún un padà?”

Mo lọ wọn afẹ́fẹ́ ní òwúrọ̀ Sátidé. Kílò 2 àti díẹ̀ ni gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo pè é. Ó ní, “Ibẹ̀ kọ́ nìyẹn. Mo ṣì í.” Báyìí ló ṣe sọ ọ́, bí ẹni sọ pé òjò ti dá. Mo ti jókòó ti àwọn àgbà púpọ̀ láyé mi, n ò lè ka iye tí mo ti gbọ́ “mo ṣì í” lẹ́nu wọn kọjá ìka ọwọ́ kan.

Ó wá fún mi ní iṣẹ́. Kí n wá ibi tó tẹ́jú. Kí n fi ẹfun sàmì sí taya iwájú kan níbi tó ti kan ilẹ̀, kí n sàmì sí ti ẹ̀yìn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, níbi tí òun náà ti kan ilẹ̀. Kí jíà wà ní òfìfo, kí n jẹ́ kí wọ́n ti ọkọ̀ síwájú títí taya iwájú yóò fi yí lẹ́ẹ̀marùn-ún gééré, tí àmì rẹ̀ á padà kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà kí n lọ wo ti ẹ̀yìn.

“Bí àmì méjèèjì bá kanlẹ̀ pọ̀,” ó ní, “a jẹ́ pé èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Kí o ránṣẹ́ sí ẹni Àjàṣẹ́ kó máa gbé jíà rẹ̀ bọ̀.”

Ibí ni mo fẹ́ dúró díẹ̀ sí. Ìbéèrè tí mo bi ẹ̀gbọ́n lánàá tí ó fi ní mò ń kọ́ òun níṣẹ́, bàbá yìí dáhùn rẹ̀ láìjẹ́ pé mo bi í. Ó sọ ohun tó rò, ó sọ bí èmi tí mi ò mọ nǹkan kan ṣe lè rí i fúnra mi, ó tún sọ ohun tí yóò jẹ́ kí n mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹfun kan péré ni mo nílò, olùkọ́ ni mí, ẹfun ò wọ́n mi.

Orí sìmẹ́ńtì tí àwọn ọmọ ilé ìwé wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù ọlọ́wọ́ la ti ṣe é. Ọmọkùnrin mẹ́fà ń tì, wọ́n ń kọrin, èmi ń rìn tẹ̀ lé taya iwájú, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń kà. Ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún mo kígbe pé kí wọ́n dúró. Àmì iwájú kanlẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo yíjú sẹ́yìn. Àmì taya ẹ̀yìn ti kọjá ilẹ̀, ó ti gùn sókè lẹ́yìn taya, ó ń wò mí. Àbúrò mi obìnrin tó ń ránṣọ fi tépù ìwọnṣọ rẹ̀ wọn ún láti ilẹ̀ dé ibi àmì, ní títẹ̀ lé ara taya. Ogójì sẹ̀ǹtímítà, díẹ̀ ló fi lé.

Ogójì láàárín ìyí márùn-ún, ìyẹn ni 8 sẹ̀ǹtímítà ní ìyí kọ̀ọ̀kan. Taya iwájú tóbi ju ti ẹ̀yìn lọ. A fi tépù náà yí wọn ká láti mọ̀ dájú. Tépù tán ní 150, a fi ẹfun sàmì, a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Iwájú 251. Ẹ̀yìn 243. Láti Kétu lọ, bí mo bá ti rin kìlómítà kan lójú ọ̀nà tó tọ́, taya ẹ̀yìn ti fẹ́ yí nǹkan bí ìgbà 13 ju ti iwájú lọ, jíà ò sì gbà fún un. Mo ti fi ọwọ́ ara mi fún aṣọ náà fún kìlómítà mélòó kan kí n tó rí ibi tí mo ti máa yà.

Mo wá ṣe ohun tí ó yẹ kí n ti ṣe láti oṣù kẹta: mo wólẹ̀, mo ka ohun tí wọ́n kọ sára taya. Ẹ̀yìn, 265/70R16. Iwájú, 265/75R16. Èmi ni mo lọ ra méjì iwájú yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àlòkù, tí mo fi ọlá sọ pé “265 ni, 16 ni.” Nọ́ńbà tó wà láàárín, tó ń sọ bí taya ṣe ga tó sí fífẹ̀ rẹ̀, èmi ò sọ ọ́, òun náà ò bi mí.

Bàbá ní kí n ṣí ìwé ọkọ̀ tó wà nínú àpótí iwájú. Ó wà níbẹ̀ ní èdè Faransé, ojú ìwé tí ọ̀rá ti bò: kí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí a má sì lo 4x4 lórí ojú ọ̀nà líle tó gbẹ. Ọdún méjì ni ìwé yẹn fi wà lábẹ́ gíláàsì oòrùn mi.

Mo tà taya iwájú méjèèjì, mo fi owó díẹ̀ lé e, mo wá 265/70 méjì tó jẹ bákan náà pẹ̀lú ti ẹ̀yìn. A tún fi ẹfun ṣe é. Àmì méjèèjì kanlẹ̀ pọ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó ìbú ìka kan. Láti ìgbà náà, orí ilẹ̀ àti ẹrẹ̀ nìkan ni mo ń fi sí 4x4, ọ̀pá jíà ń wọlé, ó ń jáde, jíà tí wọ́n ní ó ti kú ń jẹ, ó ń mu.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ẹgbẹ́, àwọn kan ní, “Ṣé ẹ rí i, ohun tí àgbà bá rí lórí ìjókòó.” Mi ò fara mọ́ ọn pátápátá. Ẹ̀gbọ́n náà àgbà ni lójú mi, ewú wà lórí òun náà. Bí ó bá jẹ́ pé ewú ni mo fi yàn, 450,000 ì bá ti lọ. Wọ́n tún ń sọ pé abéèrè kì í ṣìnà. Èmi béèrè, mo sì ṣìnà láti Kétu dé Pobẹ̀, nítorí pé ẹni tí mo bi léèrè ọ̀nà mọ ọ̀nà dáadáa, ọ̀nà ibòmíràn ni. Ìdáhùn rọ́bà 1,500 ni mo gbé lọ sí ibi tí kò kàn.

Ẹ̀gbọ́n kò sọ nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ náà. Ó fi àtàǹpàkò kan sí fọ́tò taya tí mo fi ránṣẹ́, ó parí. Àwọn kan fẹ́ kí n fi í ṣe ẹlẹ́yà, mo kọ̀. Ní oṣù kẹjọ ẹ́ńjìnì mi bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín funfun láàárọ̀, òun ni mo pè, kì í ṣe bàbá. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ní kí n pè é. “Ẹ́ńjìnì, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ,” ó ní. “Èmi, láti jíà sẹ́yìn ni tèmi.” Ẹ̀gbọ́n sì rí i, ọ̀kan lára àwọn pọ́lọ́gì tó ń gbóná ni kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo tún bi í pé kí la lè yẹ̀ wò láti mọ̀. Ó mí kanlẹ̀ díẹ̀, ó wá ní kí n mú gílóòbù kan tó jẹ́ fóòtì (volt) méjìlá, ó kọ́ mi bí mo ṣe máa so ó mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ariwo kékeré kan ṣì kù lọ́wọ́ òsì iwájú nígbà tí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, tí yóò dákẹ́ bí ó bá ti gbóná. Mo ká a sínú fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí Ṣábẹ̀ẹ́. Bàbá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní, “Èyí, mi ò mọ̀ ọ́n. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Gbé e wá kí n fi ọwọ́ mi kàn án.” Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni mo ń lọ.